Ṣé wọ́n lè yọ kíndìnrín àbúrò mi báyìí, kí wọ́n gbé e sínú yìnyín títí owó á fi pé?

IyaRokibah (Gáà Àkánbí), Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni bi, ni mo fi gbé e wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 41, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ló ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kó máa wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni agbára wa gbé. Ọjọ́ tó bá fọ̀ ọ́ tán, á jẹun, á bá àwọn ọmọ ṣeré. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ojú á wú, ẹsẹ̀ á wú, kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Orí àga la máa ń bá a títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àbúrò wa tó kéré jù, ọmọ ọdún 27, ní òun á fún un ní ọ̀kan nínú tòun. Wọ́n ti yẹ àwọn méjèèjì wò, wọ́n ní ara wọn gba ara wọn. Inú wa dùn débi pé ìyá wa dín àkàrà, ó fi ṣe sàárà ládùúgbò. Àfi bí iṣẹ́ tí àbúrò yìí ti ń wá láti ọdún 2 ní ìlú Ọba ṣe bọ́ sí i báyìí. Físà ti jáde, wọ́n ń retí rẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Owó iṣẹ́ abẹ kò sì tíì dé ìdajì.

Lálẹ́ àná, a jókòó yí abọ́ àmàlà ká, ni ìyá wa bá sọ pé: "Ẹja tí wọ́n ń kó bọ̀ láti òkè òkun yìí, oṣù mélòó ló ń lò nínú yìnyín kó tó dé ọjà Ìpàta? A ń jẹ ẹ́, kò rùn. Kí ló dé tí wọn ò lè yọ kíndìnrín ọmọ yìí báyìí, kí wọ́n fi sínú yìnyín, kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, bówó bá pé kí wọ́n gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

Gbogbo wa dákẹ́. Mi ò lè sọ pé kò ṣeé ṣe, mi ò sì lè sọ pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tí mo wo orí fóònù, mo rí i pé àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti gbé kíndìnrín sínú òtútù fún 100 ọjọ́, wọ́n gbé e padà sínú ara, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, ibo la ti lè gbé àbúrò wa lọ?

AlejaIpata, Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ìyá Ròkíbà, ẹ kú ìnira o. Ọlọ́run á fún ẹ̀gbọ́n wa ní àlàáfíà.

Mi ò kàwé dókítà, ẹja yìnyín ni mo ń tà, ọdún 16 rèé. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹja yẹn ń tàn wọ́n jẹ.

Tí a bá tú páálí títù, ó máa ń le bí òkúta, irin la fi ń là á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gbé e sínú abọ́ funfun, ẹ jókòó tì í. Kó tó tó wákàtí kan ẹ óò rí omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó ti sun sábẹ́ rẹ̀. Yìnyín ara rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ́n yẹn, inú ẹran ló ti ń jáde. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Á jìn, kò ní padà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja àrọ̀ láàyè, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ tẹ ìyẹn náà. Á ta padà bá yín lọ́wọ́. Nǹkan kan ti já nínú ẹja yìnyín, ata àti òróró ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà kan tí iná lọ fún ọjọ́ 4 tí jẹnẹrétọ̀ mi sì bàjẹ́, ẹja yọ́. Iná dé, ó tún dì. Nígbà tó yọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí mo ṣe gbé e báyìí ni ẹran ń já lára egungun bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Páálí 11 ni mo dà nù, mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ohun jíjẹ lèyí o. Kíndìnrín, iṣẹ́ la fẹ́ kó ṣe.

LabuTanke, Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ ṣé gan-an ni. Ìmọ̀ ohun alààyè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ẹ sì ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Omi tó sun sínú abọ́ yẹn, inú sẹ́ẹ̀lì ló ti wá. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ẹran ara, ojú lásán kò rí wọn, omi ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Omi tó bá dì, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i, bí ìdá 9 nínú 100. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò míníráàlì sínú fìríísà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Yìnyín yẹn tún máa ń hu ẹnu ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, á máa gún ara sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wá burú jù ni ti iyọ̀. Bí yìnyín ṣe ń dì láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, omi lásán ló ń mú, iyọ̀ ló ń fi sílẹ̀. Omi díẹ̀ tó ṣẹ́kù níta á wá di omi iyọ̀ gbáà, á fa omi inú sẹ́ẹ̀lì jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì hunjọ bí ata gbígbẹ.

Kíndìnrín èèyàn kò ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n asẹ́ kéékèèké tó wà nínú ẹyọ kan tó mílíọ̀nù 1. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju irun lọ ni wọ́n fi hun asẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí yìnyín bá ti fà wọ́n ya, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá tú sínú rẹ̀ á há síbẹ̀. Kíndìnrín náà á rí bí kíndìnrín lójú, kò sì ní sẹ́ nǹkan kan.

Kúlà tí a máa ń rí tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀yà ara sáré, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò dì o. Yìnyín yí i ká ni, òun fúnra rẹ̀ wà nínú omi oògùn, ní nǹkan bíi 4°C. Ìyẹn ń dẹwọ́ ikú fún un ni, kò dá a dúró. Ọkàn lè lo wákàtí 4 sí 6 níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀, bíi 12. Kíndìnrín ló lágbára jù nínú wọn, wákàtí 24 sí 36.

Nítorí náà, Ìyá Ròkíbà, ìdáhùn sí ìbéèrè Màmá ni rárá. Kò sí ilé ìwòsàn kan lónìí, nílé tàbí lókè òkun, tó lè yọ kíndìnrín èèyàn kó tọ́jú rẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ti 100 ọjọ́ tí ẹ kà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kíndìnrín eku ni. Màá ṣàlàyé rẹ̀ lálẹ́, kíláàsì ń dúró dè mí.

OmoOmuAran, Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè ni. Àǹtí mi bí ìbejì lọ́dún tó kọjá. Ọlẹ̀ tí wọ́n gbé sí i nínú, ọdún 3 ló ti lò nínú òtútù, a sì rí àwọn ọmọ náà lónìí, wọ́n ń rá kiri. Ṣé ọlẹ̀ kò ní omi nínú ni? Kí ló dé tí yìnyín kò gún tiẹ̀?

DokitaEranOffa, Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi. Iṣẹ́ mi ni.

Èmi ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá fẹ́ kí abo màlúù lóyún láìsí akọ nítòsí. Àtọ̀ akọ màlúù ni mò ń gbé kiri nínú agolo náítírójìn olómi, òtútù ibẹ̀ tó −196°C. Tí mo bá ṣí ọmọrí rẹ̀, èéfín funfun á bo ọwọ́ mi, á sì ṣàn wálẹ̀ lára agolo bí ìgbà tí èèyàn da èlùbọ́. Irin ni mo fi ń fa sítírọ́ọ̀ kan jáde. Kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju bí ẹ̀kán omi 5 lọ. Kíá ni mo ti jù ú sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, 37°C, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Tí mo bá fi falẹ̀, tí mo jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, mo mọ ohun tí màá bá lábẹ́ awò: òkú ló máa pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí a bá ń mú un kúrò nínú òtútù ni àyà mi máa ń já jù.

Ohun tó gba ọlẹ̀ àti àtọ̀ là ni pé wọ́n kéré. Òtútù dé ìsàlẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ooru náà dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn sì wà tí a ń fi sí i kó tó wọ òtútù. Ọdún 1949 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Ọba rí i pé gílísíróòlù ń dáàbò bo àtọ̀ àkùkọ nínú òtútù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti ṣẹ̀. Ọmọ èèyàn àkọ́kọ́ tó ti inú ọlẹ̀ tó wọ òtútù wá, 1984 ni wọ́n bí i, ní Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n ẹ wo adìẹ tó dì tí wọ́n sọ sínú ìkòkò tó ń hó. Ìta á ti jinná, yìnyín á sì wà lára egungun. Kíndìnrín nìyẹn.

Mo rí i pé àwọn kan máa ń ní iná NEPA ni kò ní jẹ́ kí irú nǹkan báyìí ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa. Agolo mi kò lo iná rárá. Igi gígùn ni mo ń tì bọ inú rẹ̀ láràárọ̀, tí mo bá fà á jáde, ibi tí yìnyín funfun bá dé lára igi ni náítírójìn kù sí. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ká rà sí i. Ìgbà kan wà tí ẹni tó ń tà á fún mi fi ọ̀sẹ̀ 2 pẹ́. Mo ń ti igi bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, funfun yẹn ń kúrú sí i lójú mi, títí tí igi fi jáde ní gbígbẹ. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló kú. Tí a bá máa ní ilé ìtọ́jú ẹ̀yà ara ní Kwara lọ́jọ́ kan, ẹni tí kò ní pẹ́ dé yẹn ni kí a kọ́kọ́ wá.

AgbaAjase, Ọjọ́ Ajé, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìmọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí. Láyé yìí tí wọ́n ń jí èèyàn gbé lójú títì, tí kíndìnrín bá wá di ohun tí wọ́n lè tọ́jú fún oṣù 6 bí ẹran ọdún, ṣé àwọn ọ̀daràn kò ní sọ ọ́ di ọjà? Lónìí, ó kéré tán, wákàtí kò gbà wọ́n láàyè. Mo ní ọmọbìnrin 4 o. Ẹ jẹ́ kí a rò ó.

NoosiAdewole, Ọjọ́ Ajé, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, mi ò ní tan yín pé kò sí ewu. Ọdún 9 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, mo ti rí àwọn tó ń yọ́ wọlé wá bá àwọn ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ kíndìnrín títà lẹ́yìn ilé. Ìwà ọ̀daràn ni. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gba kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀yà ara èèyàn tàbí kó rà á, kò sì gba kí wọ́n yọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, ó sì gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì, Bàbá. Kíndìnrín kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbé e sí i. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, ara gbọ́dọ̀ gba ara, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara aláìsàn á bá a jà á sì pa á. Nísinsìnyí ìkánjú ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó bá kan ẹ̀yà ara òkú, nítorí wákàtí ń lọ. Ìkánjú yẹn gan-an ni ọ̀daràn máa ń sá pamọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé ó lè dúró, àyè á wà láti béèrè: ta ló ni ín, ta ló fọwọ́ sí i, ìwé rẹ̀ dà?

Ìyá Ròkíbà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí àbúrò.

Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun mọ ibi tí wọ́n lè bá yín tọ́jú kíndìnrín sínú òtútù, tó ní kí ẹ san àsansílẹ̀, olè ni. Ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Mo mọ ẹbí kan tó ti ṣe irú rẹ̀.

Ìkejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tó ń fún ẹbí rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan náà, àwọn méjèèjì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ ọ́ lára èyí, wọ́n gbé e sí ara tọ̀hún. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nílé wa, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ tàbí ìyàwó ló fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí jẹ́ àǹfààní, nítorí kò sí pé kíndìnrín ń dúró nínú kúlà. Ẹni tó fi tọrẹ náà á nílò bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó lè gbé ohun tó wúwo. Tó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ agbára ni iṣẹ́ tó ń lọ ṣe ní ìlú Ọba, kó sọ òtítọ́ fún wọn. Ìlú yẹn mọ ohun tí à ń pè ní fífi kíndìnrín tọrẹ, kó kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Kó má fi ìtìjú dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, tó bá di dandan kó lọ, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e lọ lè gbé e bọ̀. Àgọ́ ara rẹ̀ ni ibi tó dára jù tí kíndìnrín yẹn lè wà títí owó á fi pé, níbi tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ náà ni kí ẹ tọ́jú. Kó máa mu omi, kó jìnnà sí àgbo tí kò mọ orísun rẹ̀ àti oògùn ara ríro tí a máa ń kó jẹ bíi gúgúrú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn, tí Ọlọ́run bá bá yín wá ọ̀nà rẹ̀, ẹ gbìyànjú. Omi tó ń wú ojú yẹn ń wú ọkàn náà.

AafaPakata, Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́, lẹ́yìn ìrun

Bismillah. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ó ní ṣé kò lòdì sí ẹ̀sìn kí wọ́n yọ ẹ̀yà ara ká tiẹ̀ tó sọ pé kí wọ́n fi sínú òtútù. Mo dáhùn níta kí gbogbo ènìyàn lè jẹ níbẹ̀. Lọ́dún 1988, ní Jeddah, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíìhì, ìyẹn òfin Ìsìláàmù, ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fàyè gbà á pẹ̀lú àwọn àdéhùn rẹ̀: kí ẹni tó ń fi tọrẹ gbà láìsí ìfipá, kó má jẹ́ ohun tí ẹ̀mí tirẹ̀ dúró lé, kó má sì jẹ́ títà. Kíndìnrín kan lára ẹni tó ní méjì tó dára bọ́ sí ibẹ̀.

Ti òtútù, èmi kì í ṣe mufutí, èrò mi ni mo ń sọ. Òkú la ní kí a yára sin. Ẹ̀yà tí wọ́n yọ lára ẹni tó wà láàyè láti gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là, mi ò rí ìdí tí wákàtí 1 fi máa yàtọ̀ sí oṣù 1 tí àǹfààní náà bá dájú. Ọlọ́run ló mọ̀ jù.

LabuTanke, Ọjọ́ Ajé, 9:25 alẹ́

Mo ti dé o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Dókítà Ẹran ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: ìgbà yíyọ́ ni ìjà wà.

Ẹ rántí bàbá dúdú tí a ń rà ní kékeré. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí hóró ṣúgà kan níbẹ̀, ó ń dán bíi gíláàsì. Omi ṣúgà kan náà, tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀, á padà di hóró. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá nìyẹn: kí omi inú kíndìnrín le, kó má hu hóró yìnyín kankan. Wọ́n á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fa oògùn wọlé díẹ̀díẹ̀ títí tí oògùn á fi rọ́pò ọ̀pọ̀ omi rẹ̀, wọ́n á wá sọ ọ́ di tútù kíákíá. Á le bíi gíláàsì, ohunkóhun kò ní lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ oṣù 1 tàbí ọdún 10. Greg Fahy ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ láti 1984. Ní 2009, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ehoro kan tí wọ́n sọ kíndìnrín rẹ̀ di gíláàsì báyìí, tí wọ́n gbé e padà sí i nínú, tó fi ẹyọ kan yẹn wà láàyè fún ọjọ́ 48 títí wọ́n fi pa á láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ehoro kan ṣoṣo ni o. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i ṣe kọjá ibẹ̀.

Ìdí tó fi pẹ́ nìyí: tí ẹ bá ń mú gíláàsì yẹn padà sí ooru, ó gbọ́dọ̀ gba àárín kan kọjá níbi tí yìnyín ti ń wá àyè láti hù. Ẹ gbọ́dọ̀ sáré gba ibẹ̀ kọjá ju bí ẹ ṣe sáré wọlé lọ. Tí ìta bá sì ti ń gbóná tí inú ṣì tutù, ńṣe ló máa ń sán bí ife dígí tí wọ́n da omi gbígbóná sí.

Àwọn ará Yunifásítì Minnesota ló rí ọ̀nà àbáyọ, ẹgbẹ́ John Bischof àti Erik Finger. Wọ́n po ìyẹ̀fun irin tó kúnná kọjá ohun tí ojú lè rí mọ́ oògùn náà, ó sì bá iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ gbogbo kọ̀rọ̀ kíndìnrín. Nígbà tó tó àkókò àtiyọ́, wọ́n gbé kíndìnrín sí àárín wáyà tí wọ́n ká róbótó, tí iná ń gba inú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, tó ń yí síwá sẹ́yìn. Irin yẹn gbóná láti inú, níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wá ṣan irin àti oògùn jáde. Ní 2023 ni wọ́n kéde rẹ̀: kíndìnrín eku tó ti pẹ́ tó 100 ọjọ́ nínú òtútù, wọ́n gbé e sí eku 5 tí wọ́n ti yọ tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ kò rọgbọ fún wọn. Nígbà tó máa fi pé oṣù kan, kíndìnrín náà ń ṣiṣẹ́ bí èyí tí kò rí òtútù rí.

Nígbà tí mo kà á, mo dìde lórí àga. Mo tún un kà. Bàbá tó bí mi, kíndìnrín ló pa á.

Ohun tó kù ni ìtóbi. Tí eku kò ju gíráàmù bíi kan tàbí méjì lọ, tèèyàn tó bíi 150. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀, májèlé ni tó bá pẹ́ lára, yóò sì pẹ́ kó tó wọ ohun ńlá. Iṣẹ́ ṣì ń lọ.

Ẹ̀dá kan wà tó ń ṣe irú rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ. Àkèré kan ń bẹ ní igbó Alaska, tí òtútù bá dé, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi ara rẹ̀ á di yìnyín. Ọkàn rẹ̀ á dúró. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti tú ṣúgà sínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà àárín sẹ́ẹ̀lì ló ń dì, inú rẹ̀ kì í dì. Tí ooru bá dé, á bẹ́ lọ. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

OmoOmuAran, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:00 àárọ̀

Ẹ ṣé sà. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni ti àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń gbé òkú èèyàn odidi sínú náítírójìn ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n á jí?

LabuTanke, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Rárá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á pọ̀ fún ọ. Láti 1967 ni wọ́n ti gbé ẹni àkọ́kọ́, James Bedford, sínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì jí nínú gbogbo wọn. Ti kíndìnrín, a lè dán an wò ká rí i bóyá ó ń ṣe ìtọ̀.

Ohun tó sún mọ́ wa ju gíláàsì lọ ni ẹ jẹ́ kí n sọ. Ní 2019, àwọn kan ní Boston gbé ẹ̀dọ̀ èèyàn sí −4°C láìjẹ́ kó dì rárá, ó pẹ́ tó wákàtí 27. Ní Zurich, ẹ̀rọ kan ń fa ẹ̀jẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ bí ìgbà tó wà nínú ara. Ní 2021 wọ́n fi ọjọ́ 3 tọ́jú ọ̀kan báyìí kí wọ́n tó gbé e fún aláìsàn, ó sì yè. Mi ò sọ èyí fún Ìyá Ròkíbà bí ìtùnú, mo mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni tiyín.

AgbaAjase, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ ìkánjú tí ẹ sọ yẹn kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí. Mi ò tíì fọkàn balẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ìyá Ròkíbà, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

IyaRokibah, Ọjọ́bọ̀, 8:50 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún wọn nílé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ lérí, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi eku 5 yẹn, ó ní, "Àwọn náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jìyà kí ara tó yá." Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ìyá wa kò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n lọ sí Ìpàta, wọ́n ra títù ẹyọ kan tó dì gbagidi, wọ́n gbé e sínú abọ́ funfun níwájú ilé, wọ́n sì jókòó tì í lórí àpótí. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Nígbà tí omi yẹn sun, wọ́n tẹ ẹja náà. Wọ́n tún tẹ ẹ́ níbòmíràn. Wọ́n wọlé wá bá mi, wọ́n ní, "Ó jìn lóòótọ́," wọ́n sì lọ bá àbúrò wa ní yàrá rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Àbúrò kọ lẹ́tà sí àwọn ará ìlú Ọba ní alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lónìí wọ́n fèsì, wọ́n fún un ní oṣù 3. Owó kò tíì pé, ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló gba ìyẹn rù. Lánàá ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Nọ́ọ̀sì wa, wọ́n ní ká mú àbúrò wá ní Ọjọ́ Ajé fún àyẹ̀wò tó kù. Ṣé kó má jẹun láti òru ni àbí ó lè mu omi? Wọn kò sọ fún wa.

NoosiAdewole, Ọjọ́bọ̀, 9:04 alẹ́

Ẹ pè wọ́n láago lọ́la kí ẹ bi wọ́n, nítorí àyẹ̀wò kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ dání, ti ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò, kí ẹ sì tètè dé. Mo máa fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín.